Aró Dúdú àti Ọwọ́ Aláró

Bí ènìyàn bá ń kọjá ní ọjà Ìkòtún, tí ó sì rí ìyá àgbà kan tí ó ró aṣọ aró, yóò pe aṣọ náà ní dúdú. Bí ó bá sún mọ́ ọn, tí oòrùn sì tàn sí i, yóò rí i pé kò dúdú bí èédú. Ó rí bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò ńlá ń bọ̀. Síbẹ̀ ẹni tí ó pè é ní dúdú kò ṣìnà. Funfun, pupa àti dúdú ni àwọn àgbà fi ń pín àwọ̀, aṣọ tí ó bá sì ti mu aró yó, lọ́dọ̀ dúdú ni wọ́n ń kà á sí.

Ẹlú ni ìyá dúdú yìí. Ohun ọ̀gbìn tí ń fà mọ́ igi mìíràn nínú igbó ni. Ewé rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni àwọn obìnrin ń já. Wọn a gún un nínú odó, wọn a mọ ọ́n róbótó, wọn a sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn eérú dé. Wọn a kó eérú igi sínú ìkòkò tí a ti lu ìdí rẹ̀, wọn a da omi lé e, omi náà a sì máa ro díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò kejì tí ń bẹ nísàlẹ̀. Inú omi eérú yìí ni ẹlú yóò wà fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, tí òórùn rẹ̀ yóò sì gba gbogbo àdúgbò. Àwọn aláró ìgbàanì a máa bọ Ìyá Màpó kí ìkòkò wọn má baà bàjẹ́; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró wò wọ́n yóò rí i pé ojú àti imú wọn ni ó ń sọ fún wọn nígbà tí aró tó rẹ aṣọ.

Ohun ìyanu kan wà níbẹ̀. Bí aṣọ ti ń jáde láti inú ìkòkò, bí ewé tútù ni ó rí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò jẹ́ àyìnrín. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́, tí wọ́n sá a, tí wọ́n tún rẹ ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, yóò di dúdú. Lẹ́yìn náà wọn a tẹ́ ẹ sórí ìtì igi, wọn a sì fi kùmọ̀ lù ú títí yóò fi máa dán. Dúdú tí ń dán ni Yorùbá fẹ́ràn jù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ki ènìyàn ní adúmáadán.

Dúdú a máa gbé àwọ̀ mìíràn ga. Nínú ẹtù, tí a fi orúkọ ẹyẹ sọ, ìlà funfun tín-ín-rín kò bá tí hàn bí kò bá sí aró púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ibi tí wọ́n fi lááfún kùn kò ní mu aró, òun ni yóò sì di àwòrán. Ọwọ̀n Gbọ̀ngàn Màpó ń bẹ lára Ìbàdàndùn.

Ẹni tí ó bá ń rán aṣọ ìbora alábùlẹ̀ lè fi ọgbọ́n yìí ṣe é: kí ó to dúdú sí etí, níbi tí ọwọ́ ti ń fà á lójoojúmọ́, kí ó sì fi díẹ̀ sáàárín kí pupa àti ọsàn má baà dà pọ̀ lójú. Àbùlẹ̀ kì í ṣe ìtìjú. Harriet Powers, tí a bí sínú oko ẹrú ní Georgia ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1837, fi àbùlẹ̀ rán ìtàn Bíbélì sára aṣọ ìbora, ó sì rán ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 1780 sí i, ọjọ́ tí ọ̀sán ṣú bí òru ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà. Ó ń bẹ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Boston.

Fún oko, aṣọ aró kò dára. Eṣinṣin tí ń fa àrùn oorun a máa sáré tọ aró àti dúdú, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi aṣọ àwọ̀ méjèèjì ṣe pańpẹ́ fún un. Ẹ̀fọn náà fẹ́ràn ohun tí ó ṣú. Ní alẹ́, lójú ọ̀nà Ìkòtún sí Ìgàndò, awakọ̀ kì í tètè rí ẹni tí ó wọ dúdú. Kí onítọ̀hún da ohun funfun kan bo èjìká.

Ní ọdún 1897 ni àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí a kò fi ewé ṣe. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Yorùbá, tí sóódà kọ́sítíìkì sì gba ipò omi eérú, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ di kíákíá. Àwọn kan kùn pé aṣọ kò lálòpẹ́ mọ́. Ní ọdún 1936 Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de aró òyìnbó àti sóódà ní Abẹ́òkúta. Àwọn obìnrin aláró kò gbà, wọ́n sì jà á títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ wọn. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ òòjọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n sóódà kò mojú ẹnìkan. A máa jẹ awọ ọwọ́, a sì máa fọ́ ojú. Kí aláró wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Inú omi ni kí ó máa da sóódà sí, kí ó má ṣe da omi lé sóódà lórí, nítorí yóò hó, yóò sì ta sí i lójú. Bí ó bá kan ara, kí ó bọ́ aṣọ tí ó ta sí, kí ó sì máa da omi púpọ̀ sí ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ó kéré tán.

Ti ọmọdé ni ó burú jù. Sóódà tí a pò sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò jọ omi mímu, ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kì í béèrè. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ yóò jóná, bí ó bá sì san, àpá rẹ̀ lè dí ọ̀nà oúnjẹ pa. Bí ọmọ bá gbé e mì, kí ìyá rẹ̀ má ṣe fún un ní epo pupa tàbí ọsàn wẹ́wẹ́, kí ó má sì ṣe ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì, nítorí ohun tí ó jó o lọ sísàlẹ̀ yóò tún jó o padà bọ̀ sókè. Kí ó fi omi ṣan ẹnu ọmọ náà, kí ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí kan náà, kí ó mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí i.