Ìmọ́lẹ̀ Nínú Ilé Adìẹ Ẹlẹ́yin
Ní Ògèrè àti káàkiri ilẹ̀ Rẹ́mọ, nǹkan bíi wákàtí 12 ni ojúmọmọ máa ń gùn, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òjò. Adìẹ tó ń yé fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: wákàtí 14 sí 16 ló bá a lára mu. Ìdí nìyí tí àwọn olùsìn adìẹ fi ń tan iná kún ti oòrùn ní ìdájí tàbí lálẹ́.

Kì í ṣe ojú nìkan ni adìẹ fi ń gba ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀, pàápàá èyí tó pupa, máa ń gba agbárí rẹ̀ wọlé dé ọpọlọ, ọpọlọ á sì tú họ́mónù tó ń mú kí ẹyin dàgbà nínú rẹ̀ jáde.

Adìẹ tí kò tíì tó yé kò gbọdọ̀ rí àfikún yìí. Bó bá yé kí ara rẹ̀ tó gbó, ẹyin rẹ̀ á kéré, ìdí rẹ̀ sì lè yọ síta, ohun tó sábà máa ń pa á. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 ni kí a máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Bí adìẹ bá ti ń yé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dín wákàtí náà kù. Bí iná ìjọba bá lọ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹyin á dín kù, ìyẹ́ á sì máa re. Nítorí náà, iná sólà tó ní aago tó ń tàn án, tó sì ń pa á, tó owó tí a ná lé e.

Iná tó mọ́lẹ̀ jù burú pẹ̀lú, nítorí adìẹ á máa ṣá ara wọn jẹ. Ẹ má sì tan iná mọ́jú: adìẹ nílò òkùnkùn wákàtí 8 láti sinmi.