Windows 10 Ti Kógbá Sílé: Ṣé Ká Ju Kọ̀ǹpútà Wa Nù Ni?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń bi mí: "Prof, wọ́n ní Windows 10 ti parí, kọ̀ǹpútà mi ò sì lè gba Windows 11. Kí ni kí n ṣe?" Ẹ jẹ́ kí n dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí gbogbo yín gbọ́.

Kí ló parí gan-an? Ọdún 2015 ni Microsoft gbé Windows 10 jáde. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, wọ́n ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí i. Kò túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà yín ò ní tàn mọ́. Yóò tàn, yóò sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn gbájú-ẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò tuntun lára rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bá yín dí i. Ẹni tó bá ń fi irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wọ àkáǹtì báńkì rẹ̀ dà bí ẹni tó ń sùn láìti ìlẹ̀kùn. Microsoft yọ̀ǹda ọdún kan sí i, títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026, fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Ẹ lè san dọ́là 30, ẹ sì lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá jẹ́ kí ẹ̀dà ètò kọ̀ǹpútà yín máa wọ inú àkáǹtì Microsoft yín. Àmọ́ ọjọ́ lásán nìyẹn kàn ń sún síwájú.

Windows 11 ńkọ́? Ó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ohun tó ń béèrè ló sì ń bí àwọn èèyàn nínú. RAM 4GB àti àyè ìpamọ́ 64GB kò le jù. Ibi tó ti le ni TPM 2.0, ìyẹn èròjà kékeré kan tó ń tọ́jú àwọn kọ́kọ́rọ́ ààbò inú kọ̀ǹpútà. Ó tún ń wo ọjọ́ orí Intel tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, "8th generation" lọ sókè ni wọ́n ń gbà. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé dáàṣì: i5-8250U wọlé, i5-6300U ò wọlé.

Ẹ wá rin ọjà Alábà já, tàbí kí ẹ yà sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU ti ń ra kọ̀ǹpútà ní Òjó, Ìbà àti Okokomaiko. Tòkunbọ̀ lọ̀pọ̀ ń rà. Wọ́n ti lò ó fún ọdún bíi mélòó kan lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òfin tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń ra tuntun, àwa tí à ń ra tòkunbọ̀ ló ń dùn jù. Windows 11 Home tún ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì àti àkáǹtì Microsoft kí ẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Níbi tí iná ò ti dúró, tí dátà sì wọ́n, wàhálà ni.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò o. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ tpm.msc. Nígbà mìíràn, TPM wà níbẹ̀, wọ́n kàn pa á ni. Ẹ ó rí oníṣẹ́ tó máa ní òun lè fi Windows 11 sí i tipátipá. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ pé àwọn ò ṣèlérí àtúnṣe fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tó wà ni Linux. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, ọ̀fẹ́ sì ni. Oríṣiríṣi ló wà. Ubuntu, tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2004, Mark Shuttleworth ọmọ South Africa ló dá a sílẹ̀. Ẹ̀ka èdè àwọn Zulu ni orúkọ náà ti wá, ohun tó ń sọ ò sì jìnnà sí "ènìyàn ni aṣọ mi" tiwa. Fún ẹni tí Windows ti mọ́ lára, Linux Mint ni mo máa ní kó kọ́kọ́ wò. RAM 2GB tó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4GB dára jù. Ẹ lè gbé e sórí fláàṣì, kí ẹ ti ibẹ̀ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ dán an wò láìfọwọ́ kan Windows yín rárá. Bí kò bá wù yín, ẹ yọ fláàṣì, ó parí.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ. Ẹni tó ń fi Photoshop jẹun, tàbí tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń lo ètò ìṣírò owó tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan, kó rọra. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan náà máa ń ṣagídí. LibreOffice máa ń ṣí fáìlì Word, ṣùgbọ́n ìlà lè yẹ̀ díẹ̀.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tiwa lọ́tọ̀. Unicode fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún é náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́, tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: ẹ ló ń ṣáájú, àmì ohùn á wá tẹ̀lé e. Windows mọ èyí, Linux náà mọ̀ ọ́n, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sì wà nínú àwọn méjèèjì. Praat tí a fi ń wo ohùn nínú kíláàsì, kò sí èyí tí kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ nínú wọn.

Èyí tó ń kọ mí lóminú ni àwọn fáìlì tí a tẹ̀ kí Unicode tó gbilẹ̀. Fọ́ǹtì ìgbà náà máa ń fi lẹ́tà Yorùbá rọ́pò àmì mìíràn. Bí ẹ bá ṣí fáìlì bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì náà, yálà Windows ni o tàbí Linux, wúruwùru ni ẹ ó rí. Nítorí náà, kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ da iṣẹ́ yín kọ sí ibi méjì. Àpilẹ̀kọ, oríkì, àlọ́ tí ẹ fi fọ́ǹtì àtijọ́ tẹ̀, ẹ sọ wọ́n di Unicode nísinsìnyí tí kọ̀ǹpútà tó mọ̀ wọ́n kà ṣì ń tàn. A lè ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Ìyá àgbà tó ki oríkì yẹn fún yín lọ́dún náà lè má sí mọ́.