Àṣìṣe Inú Fíìmù Onítàn àti Ikú Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Ohun tí mo gbé wá síwájú àpérò yìí kò ju ọ̀rọ̀ àṣìṣe lọ. Àṣìṣe pọ̀ nínú fíìmù, ìbáà ṣe ti olówó tàbí ti tálákà, àwọn òǹwòran sì fẹ́ràn láti máa ṣọ́ ọ. Ẹni tí ó bá jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ ní agboolé kan ní Bẹ́yẹrúnkà nígbà tí wọ́n ń wo fíìmù ayé àtijọ́ yóò gbọ́ ariwo: "Ẹ wo aago lọ́wọ́ ẹrú!" "Gèlè tí ó wé lẹ́ẹ̀kan kọ́ nìyí!" Ẹ̀rín ni wọ́n fi í parí rẹ̀. Èrò mi ni pé àṣìṣe tí a ń fi rẹ́rìn-ín kì í sábà pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí, tí a tilẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún, ni ó yẹ kí àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ lítíréṣọ̀ àti ìtàn máa fojú sí. Ìtàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n mo ní láti ti ẹ̀yìn wá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èyí tí ó rọrùn kúrò nílẹ̀, èyíinì ni àṣìṣe ìsopọ̀ àwòrán. A kì í ya fíìmù ní títẹ̀léra bí a ti ń wò ó. Bí ìran mẹ́ta bá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ olóyè kan, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ní ìparí, ọjọ́ kan náà ni a ó ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé owó ni ọkọ̀, owó sì ni oúnjẹ òṣèré. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì bá ara wọn sọ fún ìṣẹ́jú kan lè gba wákàtí mẹ́ta: a ó ya ojú ẹni kìíní, a ó gbé ẹ̀rọ lọ sí òdìkejì, a ó tún ya ti ẹnì kejì. Kí a tó ṣe èyí tán, ẹmu inú igbá ti dín, òjìji ti yí, òṣèré ti tún fìlà rẹ̀ dé. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń gba ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀ wọn a máa ṣì í. Nínú *North by Northwest* tí Alfred Hitchcock ṣe ní 1959, ọmọdékùnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn ti fi ìka di etí kí ìbọn tó dún. Kò sí ohun tí ó lè mú un ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìbọn ń bọ̀.

Ti àwọn òṣèré wa tún le ju èyí lọ. Láti ìgbà tí Ọlá Balógun ti ṣe *Àjàní Ògún* ní 1976, tí Hubert Ògúndé àti Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ sì tẹ̀ lé e, fíìmù tí a bá yà sábà ní láti kọjá òkun kí a tó lè fọ̀ ọ́. Kí ó tó padà dé, kí olùdarí tó rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ ọba ti yí àwọ̀ láàárín gbólóhùn kan, àwọn òṣèré ti tú ká, ẹni tí ó ṣe ọba sì ti fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ta ni yóò tún un yà? Nítorí náà, lámèyítọ́ tí ó bá ka irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sí àìmọṣẹ́ kò tíì béèrè iye tí fíìmù náà ná ẹni tí ó ṣe é.

Ẹ̀ka kejì ni àṣìṣe àkókò, Ìbàdàn àtijọ́ sì ni ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya fíìmù nípa Ìbàdàn ti ọdún 1874, kí ó wá dúró sí Ọjà'ba kí ó wò yíká. Gbọ̀ngàn Mápó wà lókè, ṣùgbọ́n 1925 ni a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, 1929 ni a sì ṣí i. Bí ó bá yí ẹ̀rọ rẹ̀ sí Òkè-Ààrẹ, yóò bá ilé ìṣọ́ tí a fi ṣe ìrántí Bower, tí a kọ́ ní 1936. Páànù tí ó ti dípẹtà, èyí tí àwọn àlejò fi ń mọ ìlú náà, gba ilẹ̀ kan lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Koríko àti ewé ni a fi ń bo ilé ṣáájú. Bí mo bá gbọ́ orúkọ Bẹẹrẹ, koríko ìbolé tí ń jẹ́ bẹẹrẹ ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Ibi ìṣẹ̀lẹ̀ gan-an ṣì wà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé abúlé kan tí ó jìnnà ni yóò jọ ọ́ jù.

Oko kòkó nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ àṣìṣe pẹ̀lú, nítorí pé nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni kòkó wọ oko Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kí òǹwòran náà ṣọ́ra. Mo ti gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ìbọn kò sí láyé Ẹfúnṣetán. Ó wà púpọ̀. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ń ta ìbọn àti ẹ̀tù. Ìbọn tí a ń ki lẹ́nu ni a ní láti bá lọ́wọ́ àwọn jagunjagun rẹ̀; ìbọn tí a ń ki lẹ́yìn di ohun ìjà pàtàkì nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Bákan náà ni àgbàdo, àrán àti agboorùn ńlá: wọ́n ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú àkókò yìí. Ẹni tí ó ń wá àṣìṣe kiri lè di aláṣìṣe.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Ìyálóde, ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ kan kan *Sanders of the River* tí Zoltan Korda darí ní 1935. Fíìmù náà sọ pé Nàìjíríà ni òun ń fi hàn. Shepperton, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ni a kọ́ abúlé inú rẹ̀ sí. Kóńgò àti ìlà-oòrùn Áfíríkà ni a ti ya ijó àti odò rẹ̀. Paul Robeson, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ṣe olóyè, Jomo Kenyatta, ọmọ Kẹ́ńyà, sì wà láàárín àwọn èrò. Kò sí òǹwòran Lọ́ńdọ̀nù tí ó lè tọ́ka sí àṣìṣe kan níbẹ̀, nítorí pé kò mọ Nàìjíríà. Ohun tí fíìmù náà fẹ́ kí wọ́n gbà, pé ìlú ń dàrú bí òyìnbó aláṣẹ bá kúrò níbẹ̀, wọlé sí wọn lọ́kàn láìsí ìdènà. Robeson fúnra rẹ̀ kábàámọ̀ pé òun kópa nínú rẹ̀.

Ní ti Ẹfúnṣetán, ọmọ Ìbàdàn ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó kọ eré rẹ̀. Ìwé náà jáde ní 1970. Iṣọ́lá Ògúnṣọlá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e dé orí ìtàgé, ó sì di fíìmù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Nínú eré náà, Ìyálóde jẹ́ òṣónú tí ó ń bẹ́ orí aboyún inú ẹrú rẹ̀. Látòósà àti àwọn ìjòyè dojú ìjà kọ ọ́, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, ó sì gbé májèlé jẹ. Ìtìjú ni ó pa á. Òdodo gba ipò rẹ̀, àwọn ẹrú di òmìnira, àwa òǹwòran sì pàtẹ́wọ́.

Àkọsílẹ̀ Samuel Johnson, tí ó wà ní Ìbàdàn nígbà náà, yàtọ̀. Òtítọ́ ni pé Johnson sọ pé Ìyálóde náà yí padà sí ìkà sí àwọn aboyún lẹ́yìn tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kú nígbà ìrọbí ní 1860, ó sì ní ẹrú tí ó tó 2,000 ní oko nìkan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkà sí ẹrú ni Látòósà fi sùn ún. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé kò bá òun lọ sójú ogun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun níbẹ̀, àti pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun padà dé. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1874 ni a rọ̀ ọ́ lóyè. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, àwọn ẹrú rẹ̀ wọlé ti orí àjà wá bá a lórí ibùsùn, wọ́n sì pa á; Látòósà ni ó wà nídìí rẹ̀, ẹbí Ìyálóde kan sì mọ̀ sí i. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá, tí í ṣe ènìyàn rẹ̀, béèrè bí ó ti kú, ẹrú méjì ni a mú jáde tí a pa. Bọ́láńlé Awẹ́, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí oyè Ìyálóde, fi yé wa pé ẹ̀tù àti ìbọn tí obìnrin yìí ń gbé fún àwọn olórí ogun láwìn wà nínú ohun tí ó fa ìjà náà.

Ìyàtọ̀ àárín májèlé àti àwọn tí ó ti orí àjà wá kò kéré. Bí Ìyálóde bá pa ara rẹ̀, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan ẹ̀jẹ̀. Bí a bá rán ni pa á, ó di ọ̀ràn agbára láàárín alágbára àti ẹni tí ó ń yá a lóhun ìjà. Àṣìṣe inú eré náà gbè sẹ́yìn ẹni tí ó borí. Àwọn òǹwòran tí ó rí aago lọ́wọ́ ẹrú kò rí èyí, nítorí pé eré náà dùn, ó sì bá ara rẹ̀ mu.

Wọ́n lè sọ fún mi pé òǹkọ̀wé eré kì í ṣe òpìtàn. Mo gbà, n kò sì dá Ìṣọ̀lá lẹ́bi. Wọlé Ṣóyínká náà yí àkókò padà nínú *Death and the King's Horseman* (1975): ó gbé ìṣẹ̀lẹ̀ Ọ̀yọ́ sẹ́yìn sínú àkókò ogun Hitler. Ṣùgbọ́n ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Ẹni tí ó ka ìwé lè ka irú àlàyé bẹ́ẹ̀; ẹni tí ó wo fíìmù ti fojú ara rẹ̀ rí ikú náà.

Ìṣòro tèmi bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo ti ń gba ìtàn sílẹ̀ ní àyíká Ọjà'ba. Màmá àgbà kan sọ ikú Ẹfúnṣetán fún mi: májèlé. Mo fi kún ohun tí mo ń pè ní ìtàn àtẹnudẹ́nu. Nígbà tí mo padà lọ, mo béèrè pé, "Màmá, ta ló sọ ọ́ fún yín?" Wọ́n wò mí bí ẹni tí ó béèrè ìbéèrè ọmọdé. Wọ́n ní, "Ta ni yóò sọ fún mi? Ṣebí ojú mi báyìí ni mo fi rí i ní sinimá." Mo bi wọ́n bóyá ìyá wọn tàbí ìyá ìyá wọn sọ nǹkan kan nípa Ìyálóde náà rí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ìyá àwọn máa ń sọ pé kí a má ṣe sùn láìwo orí àjà, ṣùgbọ́n pé àwọn kò mọ ohun tí ó fà á.

Mo ti padà sí gbogbo ìtàn mìíràn tí mo gbà sílẹ̀ ní àdúgbò náà, mo sì ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ẹnu òbí, ìwé, rédíò tàbí fíìmù ni ó ti wá. Iṣẹ́ náà kò tíì ju ìdajì lọ.