Ta Ló Wà Nínú Ẹ̀kú? Iṣẹ́ Àṣelàágùn Tó Wà Lẹ́yìn Àwọn VTuber

Ṣé ẹ ti rí àwòrán ọmọbìnrin kan rí lórí YouTube, tí irun ẹ̀ búlúù, tí ẹyinjú ẹ̀ tóbi rọ̀gbọ̀dọ̀, tó ń kọrin, tó ń gbá géèmù, tó sì ń dá àwọn olùwò lóhùn lójú ẹsẹ̀? VTuber nìyẹn. Ẹ má pè é ní AI o! Èèyàn ẹlẹ́ran ara ló wà nínú ẹ̀. Àwọn ará Japan ń pè é ní nakanohito, ìyẹn "ẹni tó wà nínú". Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa. A mọ̀ pé èèyàn ló wọ ẹ̀kú, ṣùgbọ́n a kì í dárúkọ ẹ̀.

Ní ìparí ọdún 2016 ni Kizuna AI bẹ̀rẹ̀, òun ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ irú iṣẹ́ yìí. Lónìí, ilé-iṣẹ́ ńlá méjì ló gbajúmọ̀ jù nídìí ẹ̀: Cover tó ni hololive, àti ANYCOLOR tó ni NIJISANJI. Àwọn méjèèjì ti wà lórí ọjà ìpín ìdókòwò ní Tokyo.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ayàwòrán kì í ya ojú náà ní odidi. Ìpéǹpéjú lọ́tọ̀, ètè lọ́tọ̀, irun lọ́tọ̀. Ẹlòmíì á wá tò wọ́n pọ̀ nínú sọ́fíwíà bíi Live2D, á sì kọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan á ṣe máa mira. Ó ku kámẹ́rà. Ọ̀pọ̀ ń lo iPhone tó ní Face ID, nítorí ó ń ta àmì ìmọ́lẹ̀ tíńtìntín tó lé ní 30,000 sójú èèyàn, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ò rí wọn. Fóònù á wá sọ ìṣesí ojú di nọ́ńbà 52: ojú òsì pa dé tó báwo, ẹnu là tó báwo. Nọ́ńbà yẹn ló ń darí àwòrán.

Ìyà ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rín tó bá kéré jù lè má hàn rárá. Tẹ́ ẹ bá yíjú kúrò níwájú kámẹ́rà, àwòrán á dúró gbagidi. Èèyàn á wá jókòó fún wákàtí mẹ́ta, á máa fẹjú, á máa yanu ju bó ṣe yẹ lọ.

Èyí tí ẹ rí nìyẹn o. Ti ẹ̀yìn ni orin gbígbà sílẹ̀, ijó kíkọ́, ìpàdé, àti ohùn ìpolówó ọjà. Kí wọ́n tó gbá géèmù kan, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Tí àyè ò bá sí, ètò ti bàjẹ́ nìyẹn.

Owó ńkọ́? Tí olùwò bá fi Super Chat ránṣẹ́, YouTube á mú 30 nínú 100, ilé-iṣẹ́ náà á mú tiẹ̀. Ìyókù ló ń dé ọwọ́ ẹni tó làágùn. Àwọn ayàwòrán pàápàá ò bọ́. Ní October 2024, àjọ ìjọba Japan tó ń rí sí ìdíje òwò sọ pé Cover ní kí àwọn 23 tó ń bá a ṣiṣẹ́ tún iṣẹ́ ṣe nígbà 243 láìsan kọ́bọ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn wọ́n jù ni pé ojú yẹn kì í ṣe tiwọn. Ní 2019, ohùn àwọn ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu Kizuna AI. Inú bí ọ̀pọ̀ olùwò, àmọ́ ilé-iṣẹ́ ló ni àwòrán. Nígbà tí Gawr Gura fi hololive sílẹ̀ ní May 2025, àwọn tó ń tẹ̀ lé ìkànnì ẹ̀ ti ju mílíọ̀nù 4 lọ. Orúkọ náà ò bá ẹnikẹ́ni lọ sílé. Ẹni tó bá kúrò á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè fẹnu ara ẹ̀ sọ iṣẹ́ tó ti ṣe.

Èébú nìkan ló máa ń bá wọn délé. Ní 2022, ilé ẹjọ́ kan ní Osaka gbà pé ẹni tó bú VTuber, èèyàn tó wà nínú ẹ̀ ló bú.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín tiwọn àti tiwa nìyí: agbo ilé ló ni ẹ̀kú, ọmọ agbo ilé náà ló sì ń wọ̀ ọ́. Tó bá bọ́ ọ, ilé kan náà ló ń padà sí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbaṣẹ́ yìí, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta: Ta ló ni ojú? Ta ló ni orúkọ? Ta ló ni ìkànnì?