Ìdánwò Ìṣirò Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Òṣùwọ̀n Tí Ó Yẹ Kí A Wo Ìdí Rẹ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra gaàrí lọ́jà kì í ṣàì wo ìdí kóńgò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n fún un, nítorí pé kóńgò tí a ti lu ìdí rẹ̀ wọnú a máa kún lójú, bẹ́ẹ̀ ni gaàrí inú rẹ̀ kò pé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìdánwò ìṣirò tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń fi fóònù ṣe lóde òní rí. Kí ọmọ tó yọ̀ sí máàkì tí ẹ̀rọ fún un, ó tọ́ kí ó kọ́kọ́ wo ìdí òṣùwọ̀n náà.

Láyé àtijọ́, ọmọ tí ń gbé ní Jobele, ní ojú ọ̀nà tí ó gba Fìdítì àti Ìlọrá kọjá lọ sí Ọ̀yọ́, kò ní ohun tí yóò fi dán ara rẹ̀ wò ju olùkọ́ rẹ̀ àti ìwé àwọn ìbéèrè ọdún tí ó ti kọjá lọ. Ní 2013 ni àjọ JAMB, tí a dá sílẹ̀ ní 1978, bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò; láti 2015 kò sí ẹni tí ń fi ìwé ṣe é mọ́. Láti ìgbà náà ni ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ti di ohun tí àwọn ọmọ fi ń múra sílẹ̀. Àǹfààní ńlá ni, nítorí pé ẹ̀rọ kì í rẹ̀, kì í sì í bínú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìdí kóńgò. Ìbéèrè ìṣirò inú ìdánwò JAMB jẹ́ 40. Ìdáhùn mẹ́rin ni ó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó sì tọ̀nà. Bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan bá dijú, tí ó ń tẹ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, a lè retí pé yóò gba nǹkan bí 10. Bí ọmọ kan bá wá gba 22, tí ó kùnà 18, tí ó sì jẹ́ pé ńṣe ni ó méfò gbogbo èyí tí kò mọ̀, èló ni ó mọ̀ ní tòótọ́? Nínú mẹ́rin tí a bá méfò, a sábà máa ń kùnà mẹ́ta, a ó sì rí ọ̀kan he. Nítorí náà, bí a bá pín 18 sí ọ̀nà mẹ́ta, 6 ni a ó rí. Èyí ni ó ṣeé ṣe kí ó rí he. Bí a bá yọ 6 kúrò nínú 22, 16 ni ó kù. Ẹni tí ó rò pé òun mọ ju ìdajì lọ kò tíì mọ ìdajì.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹni tí ń ṣètò ìbéèrè mọ ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣìnà, ibẹ̀ ni ó sì máa ń dẹ pańpẹ́ sí. Bí apẹ̀rẹ̀ ọsàn kan ní Fìdítì bá jẹ́ ₦2,000, tí owó rẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá gòkè, tí owó tuntun náà sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ wálẹ̀, èló ni ó dà? Ọ̀pọ̀ ni yóò yára tẹ ₦2,000. Ṣùgbọ́n owó náà ti kọ́kọ́ di ₦2,200. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ₦220. ₦1,980 ni ó kù. Bí ẹ̀rọ bá wí fún ọmọ pé ó kùnà, tí ọmọ náà sì há ₦1,980 sórí, máàkì rẹ̀ yóò pọ̀ sí i nígbà tí ó bá tún ìdánwò náà ṣe. Ìmọ̀ rẹ̀ kò ní pọ̀ sí i.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Nínú ìdánwò ìṣirò WAEC, yàtọ̀ sí 50 ìbéèrè tí a ń mú ìdáhùn wọn, apá kejì wà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò 10, kí ó sì fi ọ̀nà tí ó gbà hàn. Ọ̀nà náà ní máàkì tirẹ̀. Ẹni tí kò bá sì ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò kò lè wọ yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Nítorí náà, kí ọmọ má ṣe jókòó ti fóònù láìsí ìwé àti bírò lọ́wọ́. Kí ó ṣe ìṣirò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ó tó wo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ó fi àmì sí èyí tí ó méfò, kí ó má sì kà á mọ́ èyí tí ó mọ̀, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ sọ pé ó gbà á. Èyí tí ó kùnà ni kí ó gbé lọ bá olùkọ́, pẹ̀lú ìwé tí ó ti ṣe é, kí olùkọ́ lè rí ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀.

Kì í ṣe ohun àjèjì ni èyí jẹ́ fún ọmọ Yorùbá. Ẹni tí ó pe 45 ní àrúndínláàádọ́ta ti sọ bí ó ti ṣe dé ibẹ̀: ó yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta, àádọ́ta náà sì jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Àwọn baba wa kò fún wa ní ìdáhùn láìfi ọ̀nà rẹ̀ kún un.