Iṣẹ́ Wa àti Iṣẹ́ Mẹkáníìkì Lára Ọ̀kadà

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, àwa tí ọ̀kadà ń bá kẹ́rù wá sọ́jà, owó mẹkáníìkì ń jẹ èrè wa. Ẹ jẹ́ ká máa ṣe èyí tí ọwọ́ wa ká. Láràárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ká dá ọ̀kadà dúró ṣánṣán, ká yẹ ọ́ìlì wò. Bí ọ́ìlì bá gbẹ, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì, gbèsè dé nìyẹn. Ká wo táyà bóyá afẹ́fẹ́ ti dín, ká sì fi ọ́ìlì pa ṣéènì.

Ṣùgbọ́n bíréèkì àti inú ẹ́ńjìnnì, ti mẹkáníìkì ni. Ká dúró tì í, ká gba páàtì àtijọ́ tó bá yọ, ká lè mọ̀ pé ó pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Owó bíréèkì kì í ṣe owó tí à ń ṣọ́: ẹ̀mí ò láàrọ̀.