Ọ̀pá Tí A Gé Ní Ìsàlẹ̀

Bí a bá ṣí ìwé ìròyìn lóde òní, tàbí bí a bá tan ẹ̀rọ amóhùn-máwòrán, àwòrán ìṣirò ni yóò kọ́kọ́ pàdé wa: ọ̀pá gígùn àti ọ̀pá kúkúrú, àwòrán ilẹ̀ tí a kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀. Inú wa dùn sí i, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní sùúrù àtika nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ewu kan ń bẹ níbẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú fiyè sí: ojú a máa gba àwòrán gbọ́ kí a tó ka iye tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdìbò Ààrẹ ọdún 2023 ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe pé a fẹ́ tún ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ ti dá dá. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìbò 582,454 ni a kéde fún Ọ̀gbẹ́ni Peter Obi, 572,606 fún Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú. Ìyàtọ̀ wọn kò pé ẹgbàárùn-ún. Bí a bá gbé ọ̀pá méjèèjì dìde láti orí òdo, agbára káká ni ojú yóò fi mọ èyí tí ó ga jù. Ṣùgbọ́n bí ayàwòrán bá gé ìsàlẹ̀ wọn dànù, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 570,000, ọ̀pá Obi yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti Tinúbú. Nọ́ńbà kan kò yí padà. Síbẹ̀ ẹni tí ó wò ó fìrí yóò lọ sílé lọ wí pé wọ́n lu ọ̀kan ní àlùbolẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹ̀tàn ní gbogbo ìgbà: kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ a máa gé ìsàlẹ̀ ọ̀pá bí ayàwòrán kò bá ṣọ́ ọ.

Ọ̀pá ni a ń bá wí o, nítorí gígùn rẹ̀ ni iye rẹ̀. Ìlà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń tọ ìgbóná ara aláìsàn kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.

Àwòrán ilẹ̀ tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìdìbò yẹn kan náà, Tinúbú borí ní ìpínlẹ̀ 12, Alàájì Atiku Abubakar ní 12, Obi ní 11 pẹ̀lú Àbújá. Ẹni tí ó bá wo àwọ̀ mẹ́ta náà yóò rò pé ọgbọọgba ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ìbò wọn jẹ́ 8,794,726, 6,984,520 àti 6,101,533. Ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Niger ju ti Èkó lọ ní ìlọ́po ogún, ṣùgbọ́n ìbò Èkó ni ó pọ̀ jù. Igbó àti odò kì í dìbò. Àwọ̀ kan ṣoṣo tí a sì fi kun Èkó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ó dìbò fún ẹlòmíràn rẹ́ pátápátá.

Àwọn aláwọ̀ funfun pàápàá ń ṣe é. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ẹ̀ka ètò ìlera Ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà to ọjọ́ àrùn Kòrónà láti orí ọ̀pá gíga sí kúkúrú, kì í ṣe bí ọjọ́ ti ń tẹ̀lé ara wọn. Ó wá dà bí ẹni pé àrùn ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún àwọn ọmọ ní iye ìbò Èkó méjèèjì òkè yìí. Kí wọ́n yà á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan láti orí òdo, lẹ́ẹ̀kan láti orí 570,000, kí ẹ sì gbé méjèèjì kọ́ sára ògiri kíláàsì.